Ẹ̀ka Igi Tí Ó Ń Já Bọ́

Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ kì í jọ ènìyàn lójú. Nínú gbogbo ẹyẹ tí ń bẹ láàárín ọmọ aráyé, bóyá ni a lè rí èyí tí ojú mọ̀ tó ẹyẹlé. Ó ń bá onílé gbé, ó ń ṣa ọkà jẹ lẹ́yìnkùlé, ó ń yé, ó ń pa ọmọ, ó sì ń pọ̀ sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe wàhálà kan lórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá dìde lónìí tí ó sọ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a kò ní rí ẹyẹlé kan ṣoṣo mọ́ lórí ilẹ̀ ayé, àwọn olùgbọ́ yóò fi í rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Amẹ́ríkà ìgbà kan rí ṣe ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àsọdùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà dé bá wọn lójijì, nígbà tí ẹyẹ kan tí í ṣe ìbátan ẹyẹlé àti àdàbà, tí ó sì pọ̀ ju gbogbo ẹyẹ ilẹ̀ wọn lọ, di ohun ìtàn. Àwòrán kan wà tí ó ń sọ ìtàn ẹyẹ náà láìlo ẹnu. Ẹni tí ó yà á, ohun tí ó fi yà á, àti ohun tí àwòrán náà ń wí, ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni Walton Ford tí ó ya àwòrán yìí. Ìpínlẹ̀ New York ni a ti bí i ní ọdún 1960, ó sì kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ń pè ní Rhode Island School of Design. Iṣẹ́ tí a fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni yíya ẹranko àti ẹyẹ pẹ̀lú ọ̀dà olómi lórí pépà tí ó tóbi púpọ̀. Ní ọdún 2002 ni ó ya èyí tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Falling Bough, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀ka Igi Tí Ó Ń Já Bọ́. Gíga pépà náà lé díẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, ìbú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí a bá gbé e sí ara ògiri yàrá kékeré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ògiri náà tán.

Ẹ̀ka igi ràbàtà kan ni ó gba àárín pépà fífẹ̀ náà. Ẹ̀ka náà ti dá. Kò sí lára igi mọ́, kò sì tíì kan ilẹ̀. Inú afẹ́fẹ́, ní agbedeméjì òkè àti ilẹ̀, ni ayàwòrán náà dá a dúró sí. Ẹyẹ bò ó bámúbámú láti ìdí dé orí. Ẹ̀yìn àwọn akọ dà bí aró tí a pò mọ́ eérú, àyà wọn pupa rúsúrúsú, ìrù wọn gùn, ó sì rí ṣóńṣó. Àwọ̀ àwọn abo kò tàn tó tiwọn. Ohun tí ó ń ya ènìyàn lẹ́nu jù lọ ni pé púpọ̀ nínú àwọn ẹyẹ wọ̀nyí kò bìkítà pé ibi tí wọ́n dúró lé ti ń já bọ̀. Wọ́n ní ìyẹ́, wọn kò fò lọ. Àwọn kan ń bá ara wọn jà, àwọn kan ń han ọmọ kéékèèké léèmọ̀, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé igi tí ó ti dá náà ṣì dúró gbọn-in. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí i lè rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá tẹjú mọ́ ọn kò ní pẹ́ tí ẹ̀rín yóò fi kúrò ní ẹnu rẹ̀.

Kí a tó sọ ìdí tí ẹ̀ka náà fi dá, ó dára kí a mọ irú ọ̀dà tí a fi yà á, nítorí pé ọ̀dà náà ní ipa tirẹ̀ nínú ìtàn yìí. Oríṣìí ọ̀dà méjì ni ó gbajúmọ̀ lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán: èyí tí a fi òróró pò, àti èyí tí a fi omi pò. Ọ̀dà olómi kò ní ohun púpọ̀ nínú. Ìyẹ̀fun àwọ̀ tí a lọ̀ kúnná ni ohun àkọ́kọ́. Oje igi tí yóò so ìyẹ̀fun náà mọ́ pépà ni ìkejì. Omi ni ìkẹta. Oje yìí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ara igi ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó ń hù ní ilẹ̀ gbígbẹ, láti Senegal títí dé Sudan, ni ó ti ń wá, àwọn àgbẹ̀ Borno àti Yobe ní òkè Ọya sì ń kó o tà títí di òní. Bí a bá ti fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà náà tán, omi inú rẹ̀ yóò gbẹ, ìyẹ̀fun àti oje yóò sì kù sára pépà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú àwọ̀ náà kọjá lọ bá pépà funfun, ó sì ń padà wá sí ojú ẹni tí ń wò ó.

Nítorí èyí ni ìlànà ọ̀dà olómi fi yàtọ̀ sí ti ọ̀dà olóróró. Ẹni tí ń lo òróró lè kun funfun lé dúdú, kí ó sì fi àwọ̀ tuntun bo àṣìṣe àná mọ́lẹ̀. Ẹni tí ń lo omi kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tí ó fúyẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kùn, lẹ́yìn náà ni yóò máa kun èyí tí ó dúdú jù ú lọ lé e lórí ní ìpele ìpele. Ibi tí ó bá fẹ́ kí ó funfun, àfi kí ó yẹra fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé pépà fúnra rẹ̀ ni funfun tí ó ní. Bí ọwọ́ bá ṣì í, ó ṣòro púpọ̀ láti tún un ṣe. Ford a máa lo pẹ́ńsùlù àti tàdáwà pẹ̀lú ọ̀dà rẹ̀, a sì máa lo irú ọ̀dà olómi mìíràn tí ó ki, tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gbà kọjá, ní ibi tí ó bá fẹ́ kí àwọ̀ dí. Síbẹ̀, lórí pépà tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ó di dandan kí ayàwòrán ti mọ ibi tí ó ń lọ kí ó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ omi.

Ọ̀dà olómi ni ọ̀rẹ́ àtijọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tí ń ṣe ìwádìí nípa ẹranko àti ewéko. Kò wúwo, àpótí kékeré lè gbà á, omi odò tó láti pò ó, kì í sì í pẹ́ gbẹ. Nígbà tí ẹ̀rọ ayàwòrán kò tíì sí, àwọn ni wọ́n ń gbé e wọ igbó lọ kí àwọ̀ ìyẹ́ ẹyẹ tó ṣá. Olókìkí jù lọ nínú wọn ní Amẹ́ríkà ni John James Audubon, tí a bí ní ọdún 1785 ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Haiti lónìí. Ìbọn ni Audubon fi ń pa ẹyẹ tí ó bá fẹ́ yà. Bí ó bá ti pa á, yóò fi okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e ró lórí pátákó bí ẹni pé ó ṣì wà láàyè. Yóò fa ìlà onígun mẹ́rin mẹ́rin sí ara pátákó náà, yóò fa irú rẹ̀ sí ara pépà, kí ìwọ̀n ẹyẹ inú àwòrán má bàa yàtọ̀ sí ti ẹyẹ gidi. Láti ọdún 1827 títí di ọdún 1838 ni a fi tẹ ìwé rẹ̀ ńlá tí a ń pè ní The Birds of America. Àwòrán 435 ni ó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ sì fi kun ọ̀dà olómi sí ara ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan.

Nínú àwọn ẹyẹ tí Audubon yà ni èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní passenger pigeon, tí a lè pè ní ẹyẹlé arìnrìn-àjò. Akọ kan àti abo kan ni ó yà; ọ̀kan wà ní ẹ̀ka òkè, èkejì wà ní ẹ̀ka ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi àgógó kan àgógó bí olólùfẹ́ méjì. Àwòrán jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí Audubon fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ó sì kọ sílẹ̀ nípa ẹyẹ yìí, kì í ṣe ohun jẹ́jẹ́ rárá. Ní ọdún 1813, bí ó ti ń lọ sí ìlú Louisville ní ẹ̀bá odò Ohio, ẹyẹ bo ojú ọ̀run débi pé ọ̀sán ṣókùnkùn bí ìgbà tí òṣùpá bá bo oòrùn mọ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọ̀wọ́ ẹyẹ náà fi ń kọjá láìdáwọ́ dúró. Ọ̀mọ̀wé mìíràn, Alexander Wilson, tí òun náà rí ọ̀wọ́ kan ní Kentucky ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kan náà, jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀. Iye tí ó rí ju 2,230,000,000 lọ. Ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ni èyí o.

Níbi tí àwọn ẹyẹ yìí bá wọ̀ sí lálẹ́ ni a ti mọ ìtumọ̀ àwòrán Ford. Wọn a bà sórí igi, òmíràn a bà lé wọn lẹ́yìn, òmíràn a tún bà lé ìyẹn, títí ẹ̀ka tí ó nípọn yóò fi dá lábẹ́ ìwúwo wọn, tí yóò sì wó lulẹ̀ pẹ̀lú ariwo, tí yóò pa ọgọ́ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹ̀ka tí ó ń já bọ́ kì í ṣe àlá ayàwòrán nígbà náà. Ohun tí ojú ènìyàn rí ni. Òun kan kò sì rí i rí, nítorí pé nígbà tí a bí Ford, ẹyẹ náà ti kúrò láyé ní ọdún 46 sẹ́yìn. Inú ìwé àtijọ́ ni ó ti ka ìròyìn wọn. Ó sì jẹ́ àṣà rẹ̀ láti máa lọ sí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀dá ní ìlú New York, láti wo òkú ẹyẹ àti ẹranko tí a tọ́jú síbẹ̀, kí ó lè ya ara wọn bí ó ti yẹ.

Báwo ni ohun tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe tán? Ẹyin kan ṣoṣo ni ẹyẹlé arìnrìn-àjò máa ń yé sínú ìtẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Agbára rẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀. Bí àwáwá ṣe tó àti ẹranko búburú ṣe pọ̀ tó, wọn kò lè jẹ ẹyẹ tí ó bo igbó ogún máìlì tán. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún náà, ohun méjì dé tí ó ju àwáwá lọ. Èkínní ni wáyà tí ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn: bí ẹyẹ bá ti wọ̀ sí igbó kan, àwọn ọdẹ gbogbo agbègbè yóò ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èkejì ni ọkọ̀ ojú irin: ẹyẹ tí a pa lónìí yóò ti wà nínú àgbá, yóò ti dé ọjà àwọn ìlú ńlá kí ó tó bàjẹ́. Wọ́n fi ìbọn pa á, wọ́n fi àwọ̀n kó o, wọ́n fi ọ̀pá gún ìtẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lè já bọ́. Lẹ́yìn èyí, a tún gé àwọn igbó ńlá tí ó ń fún un ní èso jẹ. Nígbà tí ọ̀wọ́ náà sì kéré, ẹyẹ tí ó ti mọ́ lára láti máa pa ọmọ láàárín àìmọye ẹgbẹ́ rẹ̀ kò lè gbèrú mọ́.

Ìkìlọ̀ kò ṣàìwáyé. Ní ọdún 1857, a gbé ọ̀rọ̀ nípa ìdáàbòbò ẹyẹ wá sí iwájú ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Ohio. Ìgbìmọ̀ tí a yàn láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò jíṣẹ́ pé ẹyẹlé arìnrìn-àjò kò nílò ààbò kankan, nítorí pé ó pọ̀ jù, pípa tí a ń pa á kò sì lè dín in kù. Ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe òpùrọ́, wọn kì í sì í ṣe ìkà. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n rò pé ohun tí ó pọ̀ kò lè tán. Ọdún 57 péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1914, abo ẹyẹ kan kú nínú ọgbà ẹranko ìlú Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio kan náà. Martha ni a ń pè é, orúkọ ìyàwó ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ ni a sì fi sọ ọ́. Òun nìkan ni ó kù nínú gbogbo ìran rẹ̀. Wọ́n fi òkú rẹ̀ sínú yìnyín tí ó wọn nǹkan bí 300 pọ́ùn, wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú irin gbé e lọ sí ilé àkójọ Smithsonian ní Washington. Irú ọkọ̀ tí ó kó àwọn ìbátan rẹ̀ lọ sí ọjà ni ó gbé òun náà lọ sí ibi ìsinmi rẹ̀.

Nísinsìnyí, ó yẹ kí a padà sí ara àwòrán náà. Kí ni ìdí tí Ford fi ya àwọn ẹyẹ náà bí oníjàgídíjàgan, tí kò yà wọ́n bí aláìṣẹ̀ tí ènìyàn yóò káàánú? Olùwò lè dáhùn ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni pé ayàwòrán náà ń fi apànìyàn hàn. Ẹni tí ó bá pa aláìṣẹ̀ a máa wá ẹ̀sùn sí òkú lẹ́sẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Yóò ní ẹyẹ náà jẹ oko run, yóò ní òmùgọ̀ ni, yóò ní ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi fa ikú. Ẹyẹ tí ó wà lórí ẹ̀ka yìí kì í ṣe ẹyẹ bí Ọlọ́run ti dá a; ẹyẹ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó pa á ti fẹ́ kí a rí i ni. Ọ̀nà kejì ni pé ènìyàn gan-an ni ẹyẹ náà. Àwa ni a pọ̀, àwa ni a jókòó lé ẹ̀ka tí ìwúwo wa ń dá, àwa ni a ń jà nítorí ààyè lórí igi tí ó ti já. Àwòrán náà gba ìtumọ̀ méjèèjì, kò sì lé ọ̀kan jáde.

Ìtumọ̀ kan tún wà nínú ọ̀dà tí a fi yà á. Audubon lo ọ̀dà olómi láti ya ẹyẹ tí ó kún ojú ọ̀run. Ford lo irú ọ̀dà kan náà, ó tẹ̀lé ìṣọwọ́yàwòrán àwọn ará ìgbà náà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣófo. Ó dà bí ẹni tí ó wọ aṣọ olóògbé wá síbi òkú rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè rántí. Ọ̀dà olómi fúnra rẹ̀ kò sì lágbára. Bí a bá gbé e sí inú oòrùn, àwọ̀ rẹ̀ yóò máa ṣá díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi parẹ́. Nítorí náà ni àwọn ilé àkójọ fi ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, tí wọn a sì máa gbé e pamọ́ láti ìgbà dé ìgbà. Ènìyàn ń tọ́jú àwòrán ẹyẹ náà báyìí pẹ̀lú ìṣọ́ra tí ẹyẹ fúnra rẹ̀ kò rí gbà rí.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìkan. Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá mọ ìgbà tí igún kì í wọ́n ní ìlú. Ibi tí a bá ti ń pa màlúù, ààtàn àti ẹ̀bá ọjà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kóra jọ sí, wọ́n sì ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ láìgba owó. Àwọn baba ńlá ka pípa igún sí èèwọ̀. Lónìí, a lè rìn láti ìlú dé ìlú kí a má rí ẹyọ kan. Wọ́n ń pa á tà fún ẹni tí ń ṣe oògùn, májèlé ń pa á, a sì ti gé àwọn igi gíga tí ó ń tẹ́ ìtẹ́ sí. Ní ọdún 2015, àjọ àgbáyé tí ń bójú tó ìdáàbòbò ẹ̀dá, tí a ń pè ní IUCN, ka irú igún tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú wa mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó sún mọ́ ìparun jù lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó mọ òwe igún tí kò mọ igún.

Iṣẹ́ tí àwòrán lè ṣe pọ̀. Ó lè pa ìrísí mọ́, kí ọmọ tí a kò tíì bí mọ bí àyà ẹyẹ kan ti pupa tó àti bí ìrù rẹ̀ ti gùn tó. Ó lè fi ojú ẹ̀bi han ẹlẹ́bi láìbú u. Ó lè dá ẹ̀ka tí ń wó lulẹ̀ dúró sí òfuurufú fún ọgọ́rùn-ún ọdún, bí a bá tọ́jú pépà rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n kò lè mú kí ẹyin kan pa. Ohun tí ó ṣì ń fò ní ojú ọ̀run, tí ó ṣì ń ké lórí igi ní ẹ̀yìn ilé, ni ọwọ́ ènìyàn ṣì lè tún ṣe. Nígbà tí ó bá di ti ayàwòrán nìkan, ó ti bọ́.